Ilẹ̀ Ẹbí àti Ẹran Ìgbẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Kogi: Ọ̀nà Wo Ló Bá Tiyín Mu?

Tí wọ́n bá pín ogún ilẹ̀ tán, apá kan sábà máa ń ṣẹ́ kù tí kò sẹ́ni tó ń jà sí: ẹ̀bá odò tí omi ń bò lójú òjò, ẹsẹ̀ òkè tó jẹ́ kìkì òkúta, oko àtijọ́ tí ẹ̀kan ti gbà mọ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́. Láti Ẹ̀gbẹ̀ títí dé Ìsánlú, láti Mọ́pà wọ Ìjùmú títí kan Bùnú, irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́ wa. Ìbéèrè tó ń jáde nígbà tí ẹbí bá jókòó ni pé: ṣé a kò lè tọ́jú rẹ̀ fún ẹran ìgbẹ́? Kí ọ̀yà àti àparò padà síbẹ̀, kí ọdẹ ilé rí nǹkan pa, kí igi inú rẹ̀ sì wà fún àwọn ọmọ?

Ìdáhùn tí ènìyàn ń gbọ́ kì í bára mu. Ẹnì kan á ní kí ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, igbó mọ bó ṣe ń tọ́jú ara rẹ̀. Ẹlòmíràn á ní kí ẹ fi wáyà yí i ká bíi ti àwọn ará South Africa. Ọ̀dọ́ tó ti wo fídíò lórí fóònù á ní inú àgò ọ̀yà ni owó wà. Bàbá ọdẹ á ní kò sí ohun tuntun kankan níbẹ̀, kí ẹ ṣáà ti má jẹ́ kí àjèjì wọ̀ ọ́. Mo gbé gbogbo wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn níhìn-ín. Lójú tèmi, owó kọ́ ló ń pinnu èyí tó tọ́ sí yín, títóbi ilẹ̀ kọ́ náà sì ni. Ìbéèrè méjì ló ń pinnu rẹ̀: ṣé ẹ lè dá iná dúró? Tí ẹ bá sì sọ fún ènìyàn pé kó má wọlé, ṣé yóò gbọ́?

Ta ló lè sọ pé rárá?

Ní Amẹ́ríkà, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń bójú tó ẹran ìgbẹ́ fún gbogbo ará ìlú, ṣùgbọ́n onílẹ̀ ló ní ẹnu ọ̀nà. Ní Texas, níbi tí ilẹ̀ tó pọ̀ jù lọ ti jẹ́ ti àládàáni, ọdẹ á san owó fún onílẹ̀ kó tó wọlé wá lé àgbọ̀nrín. Zimbabwe gba ọ̀nà mìíràn: láti ọdún 1975 ni òfin wọn ti fún onílẹ̀ láṣẹ láti lo ẹran tó wà lórí ilẹ̀ rẹ̀ kó sì jèrè rẹ̀. Ní South Africa, òfin ọdún 1991 sọ pé tí ọgbà tó péye bá yí ẹran ká, ẹran náà kò bọ́ lọ́wọ́ olówó rẹ̀ bó tilẹ̀ sá jáde. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ fi ń náwó sí wáyà. Ẹni tó bá ń wo fídíò wọn láìmọ èyí á rò pé wáyà náà ló ń bí ẹran.

Ní tiwa, òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Ìjọba ìbílẹ̀ ló ń mójú tó ti ìgbèríko. Ó lè fún ènìyàn láṣẹ ìlò, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ju hẹ́kítà 500 lọ fún iṣẹ́ oko, tàbí 5,000 fún ìjẹko ẹran ọ̀sìn, àyàfi tí gómìnà bá fọwọ́ sí i. Ẹbí tó ti ń ro ilẹ̀ rẹ̀ kí òfin náà tó dé ń bá a lọ. Ṣùgbọ́n ní ti ẹran tó ń rìn lórí ilẹ̀ yẹn, tó bá fo odò kọjá lálẹ́ tí ọdẹ òdìkejì yìnbọn pa á, kò sí ẹjọ́ tí ẹ máa rò.

Nítorí náà ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ kò kan ẹran rárá. Ẹ pe ẹbí jọ, títí kan àwọn tó wà ní Àbújá àti Èkó, títí kan àwọn obìnrin ilé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé apá ilẹ̀ báyìí ni, ọdún mélòó ni, ta ni yóò máa ṣọ́ ọ, báwo la ó ṣe pín ohun tó bá tibẹ̀ jáde. Ẹ rin ààlà náà pẹ̀lú àwọn aládùúgbò, kí ẹ sì gbin pèrègún síbi tí kò bá sí. Ilẹ̀ tí àbúrò kan lè tà fún ajógi-ṣèédú ní ọjọ́ kejì kò yẹ fún iṣẹ́ yìí, bó ti wù kó dára tó.

Lẹ́yìn ẹbí, àwọn ọdẹ ló kàn. Àwọn onílẹ̀ kan máa ń ṣe bí ẹni pé ọdẹ ni ọ̀tá, wọ́n á gbé pátákó kọ́ sára igi pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọlé. Pátákó náà kì í pẹ́ di igi ìdáná. Ọ̀rọ̀ tó máa ń wáyé nígbà tí wọ́n bá jókòó sọ ọ́ lójúkojú dára ju pátákó lọ:

"Bàbá ọdẹ, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má ta okùn sí etí odò yẹn mọ́."

"Ọmọ mi, ta ló wá fẹ́ máa rìn ín tí mi ò bá ta á? Ṣé ìwọ tó ń gbé Àbújá?"

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni bàbá sọ. Ẹni tó bá ní ìdí tó fi ń rin ilẹ̀ náà lálaalẹ́ ni olùṣọ́ rẹ̀. Ẹ fún ọdẹ méjì tàbí mẹ́ta tí ìlú mọ̀ ní ẹ̀tọ́ ilẹ̀ náà, àwọn nìkan, kí wọ́n sì máa fún ẹbí ní ìpín tí ẹ bá fẹnu kò sí, itan kan nínú ẹran ńlá fún àpẹẹrẹ. Wọn kò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn wọ̀ ọ́. Mo fẹ́ràn èyí ju kí a gba ọlọ́dẹ olówó oṣù lọ, torí ẹni tí a ń sanwó fún á sùn. Ẹni tó ní ìpín níbẹ̀ kò ní sùn.

Iná: ibi tí ọ̀rọ̀ pọ̀ sí

Ẹ jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ níhìn-ín. Òjò wa ń bẹ̀rẹ̀ ní April, ó ń dáwọ́ dúró ní October. Koríko á ti ga ju ènìyàn lọ nígbà yẹn. Tí ọyẹ́ bá fẹ́ sí i títí dé January, ó di ìdáná. Ọdẹ ń sun ún kí ọ̀yà lè jáde, darandaran ń sun ún kí koríko tútù lè hù fún màlúù, ẹni tó ń fín oyin sọ ògùṣọ̀ sílẹ̀, àgbẹ̀ ń sun pàǹtí oko rẹ̀ kó sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìpinnu mẹ́ta ló wà fún onílẹ̀: kó sun ún ní kùtùkùtù ẹ̀ẹ̀rùn, kó jẹ́ kí wọ́n bá a sun ún ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, tàbí kó má jẹ́ kí iná kàn án rárá.

A ní ẹ̀rí lórí èyí ní Nàìjíríà níbí. Ní 1929, àwọn òṣìṣẹ́ igbó ìjọba ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ ní Olókemejì, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Wọ́n ń sun apá kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn lọ́dọọdún, wọ́n ń sun apá kejì ní ìparí rẹ̀, wọn kò sì jẹ́ kí iná dé apá kẹta. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, èyí tí wọ́n ń sun ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ti di pápá koríko tí igi ò pọ̀ nínú rẹ̀. Èyí tí iná ò kàn di igbó, òjìji igi bo ilẹ̀, koríko sì kú. Èyí tí wọ́n ń sun ní kùtùkùtù wà láàárín àwọn méjèèjì. Ilẹ̀ náà ò yàtọ̀ sí tiwa púpọ̀, ojú ibi tí igbó àti ọ̀dàn ti pàdé ni òun náà wà.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún ẹran. Tí ẹ bá fi ilẹ̀ sílẹ̀ tí ẹ sì dènà iná pátápátá, ẹtu lẹ ń pè. Ẹ sì ń lé ọ̀yà lọ, torí koríko ló ń jẹ, inú koríko ló ń sùn. Àparò náà á jáde, nítorí ó fẹ́ ibi tó ti lè máa ta ilẹ̀ rí kòkòrò àti hóró. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ní "ẹ fi í sílẹ̀ kí igbó tọ́jú ara rẹ̀" kò mọ̀ pé ẹran kan ni wọ́n ń fi ṣe pàṣípààrọ̀ fún òmíràn. Kò burú, tó bá jẹ́ pé ohun tí wọ́n fẹ́ gan-an nìyẹn.

Iná ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, ti February sí March, kò ní ohun rere kan tí mo lè sọ nípa rẹ̀. Koríko ti gbẹ kanrankanran, ọwọ́ iná ń ga, ó ń pa igi kéékèèké, ó ń jó ẹyin ẹyẹ tó wà nílẹ̀, kì í sì í fi ibi ìsápamọ́ kankan sílẹ̀. Ọ̀yà tó bá sá níbẹ̀ máa ń bọ́ sọ́wọ́ ajá. Ẹran púpọ̀ á wọ ìlú lọ́sẹ̀ yẹn, ọjà á kún, gbogbo ènìyàn á ní ọdún yìí dára. Ọdún tó ń bọ̀ ni wọn yóò béèrè ibi tí ọ̀yà lọ.

Ti kùtùkùtù, láti ìparí November sí àárín December, ni mo fọwọ́ sí. Ìsàlẹ̀ koríko ṣì tutù díẹ̀ nígbà yẹn, iná á máa rọra rìn, á jó ibì kan, á fo ibì kan. Bí mo ṣe máa ní kí ẹ ṣe é nìyí. Ẹ pín ilẹ̀ náà sí mẹ́ta, ẹ sun ìdá kan lọ́dún, kí ìdá kejì máa gba ọdún kejì, kí ìkẹta máa gba ọdún kẹta. Ní gbogbo ìgbà, ẹ ó ní koríko tuntun tí àparò àti ehoro ń jẹ, àti koríko àtijọ́ tí ọ̀yà ń sá pamọ́ sí, tí gbogbo wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ má jẹ́ kí iná dé etí odò rárá. Ní October, kí koríko tó gbẹ, ẹ ro ààlà iná yí i ká, ó kéré tán ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 30 ní fífẹ̀, kí ẹ gbá a mọ́ dé orí erùpẹ̀. Àṣálẹ́ ni ká dá iná náà, nígbà tí afẹ́fẹ́ ti rọlẹ̀ tí ìrì sì fẹ́ máa sẹ̀. Apá ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ ni ká ti bẹ̀rẹ̀, kí iná lè máa rìn lòdì sí afẹ́fẹ́. Ènìyàn á pọ̀, ewé tútù á wà lọ́wọ́ wọn, kẹ́ẹ̀gì omi á wà nílẹ̀. Ẹ sọ fún aládùúgbò àti àwọn darandaran tó wà nítòsí ṣáájú.

Kogi kún fún kajú. Òdòdó kajú ń yọ nígbà tí iná ń jà, iná kan ṣoṣo sì lè ba èrè ọdún aládùúgbò jẹ́, ìjà rẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n olóko kajú tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ń ro abẹ́ igi rẹ̀ mọ́ kí èso tó máa bọ́. Ilẹ̀ yẹn fúnra rẹ̀ ti di ààlà iná. Tí ẹ bá ń yan apá wo nínú ilẹ̀ ẹbí ni kẹ́ ẹ fi ṣe èyí, ẹ yan èyí tí kajú wà ní apá ibi tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá, ìyẹn àríwá àti ìlà-oòrùn rẹ̀. Ẹ ó dín iṣẹ́ kù.

Ohun kan tún wà tí kò sí nínú ìwé àwọn òyìnbó. Tó bá di February tí gbogbo àyíká ti jó, tó sì jẹ́ ilẹ̀ yín nìkan ló ṣì ní koríko, gbogbo ẹran adúgbò á sá wọ ibẹ̀, gbogbo ọdẹ àti olè á sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú oṣù yẹn ló yẹ kí àwọn ọdẹ yín máa ṣọ́ ọ jù, kí wọ́n má sì pa nǹkan kan. Bákan náà ni ti ojú ọ̀nà: pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ajínigbé tó wà ní agbègbè wa lónìí, ẹ má jẹ́ kí igbó dé etí títì. Ẹ ro ó jìnnà sẹ́yìn, kí ẹni tó ń kọjá lè ríran. Àparò kò ní bínú sí i.

Ẹran wo lẹ fẹ́?

Ẹni tó bá ní "gbogbo ẹran" kò tíì yan nǹkan kan. Ẹ wò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn:

| Ẹran | Ilẹ̀ tó fẹ́ | Bó ṣe ń bímọ | Ohun tó ń lé e lọ |
|---|---|---|---|
| Ọ̀yà | Eèsún àti koríko gíga, nítòsí omi | Oyún bí oṣù 5. Ọmọ bíi 4 lẹ́ẹ̀kan | Iná ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, ajá, òjìji igi |
| Àparò | Etí oko, ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sinmi | Ó ń yé sílẹ̀, lábẹ́ koríko | Iná, oògùn apakòkòrò |
| Awó | Ọ̀dàn tó ní igi tó lè sùn lé, àti omi | Ó ń yé sílẹ̀. Ó ń sàba bí ọjọ́ 26 sí 28 | Kíkó ẹyin rẹ̀, àìsí omi |
| Ẹtu | Igbó dídí, ìtàkùn | Ọmọ kan | Okùn wáyà tí wọ́n fi ń dẹ ẹran, ajá, gígé igi |
| Ìgalà | Igbó etí odò tó ní gbangba lẹ́gbẹ̀ẹ́ | Oyún bí oṣù 6. Ọmọ kan | Ìbọn alẹ́ |

Òpó kẹta ni kẹ́ ẹ tẹjú mọ́. Abo ọ̀yà kan lè bímọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ọmọ náà á sì wá pẹ̀lú irun lára, ojú rẹ̀ á là, kò ní pẹ́ tí yóò fi máa sáré. Ẹ pa mélòó kan nínú wọn, tí koríko bá wà, wọ́n á dípò. Ẹtu àti ìgalà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni, ìyá tó bá sì kú sínú okùn wáyà kú pẹ̀lú oyún rẹ̀. Lórí ilẹ̀ tí kò tó ọgọ́rùn-ún hẹ́kítà, mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó fi ẹtu ṣe ìrètí ẹran jíjẹ. Kó jẹ́ kí ẹtu wà níbẹ̀, kó máa fi ojú rí i, kó jẹ ọ̀yà.

Àléébù ọ̀yà ni pé kò mọ ààlà. Ó ń jẹ àgbàdo, ìrèké, ẹ̀gẹ́, ìrẹsì, ó sì ń gé e kúrò nílẹ̀ bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Tí oko aládùúgbò bá fẹ̀gbẹ́ kan eèsún yín, ẹ ó sanwó tàbí ẹ ó jà. Ẹ fi ojú ilẹ̀ tí a ro mọ́ sáàárín, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọdẹ yín máa pa á ní ẹ̀gbẹ́ oko yẹn ju àárín ilẹ̀ lọ. Bí aládùúgbò náà bá ní ẹ̀tọ́ láti dẹ pàkúté sí etí oko tirẹ̀, ó ti di ara yín nìyẹn.

Fún àparò, iṣẹ́ náà rọrùn débi pé ó yà mí lẹ́nu pé a kì í sábà ṣe é. Ẹ má kórè ọkà bàbà tàbí ẹ̀wà tó wà ní ẹsẹ̀ ebè mélòó kan ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ náà. Ẹ má fín oògùn sí i, torí kòkòrò lọmọ àparò ń jẹ. Ó tán. Òtílì náà dára: ó ń pẹ́ nílẹ̀, ó ń so, ó ń fún ilẹ̀ lókun, ìdí rẹ̀ sì jẹ́ ibi ìsápamọ́.

Igi eléso ni oúnjẹ ẹtu àti ìgalà. Ẹ má gé ìyeyè, ọ̀pọ̀tọ́ àti ẹ̀mì. Omi ẹ̀ẹ̀rùn ṣe pàtàkì fún ẹran tí kò súnmọ́ odò bíi Kampe. Kòtò kan tí a gbẹ́ síbi amọ̀, tí òjò ń kún, lè tó láti mú awó dúró. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lúgọ síbẹ̀ pẹ̀lú ìbọn. Ẹran kì í ní ìgbèjà níbi omi, òun ni mo fi ní kí ẹ fi ìyẹn ṣe èèwọ̀ kan tí kò ní àwáwí.

Ẹran méjì wà tí mi ò ní fi kún un. Túùkú ni àkọ́kọ́: tó bá wọlé, iṣu adúgbò parí. Akika ni ìkejì. Ẹni tó bá rí i lórí ilẹ̀ yín, kó fi í sílẹ̀ kó máa lọ. Ní 2016 làwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fẹnu kò láti fòfin de òwò rẹ̀ láti ilẹ̀ kan sí òmíràn, a sì ti ní òfin tiwa lórí àwọn ẹran tó ń parẹ́ láti 1985. Owó tí àwọn oníṣòwò ìpẹ́ rẹ̀ ń fi sílẹ̀ ń mú àlejò tí ẹ kò fẹ́ wọ ilẹ̀.

Ọgbà wáyà, àgò, tàbí gbangba?

Ọ̀rọ̀ ọgbà, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Hẹ́kítà kan, tó fi díẹ̀ dín ní éékà méjì àbọ̀, tó bá dọ́gba níhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wáyà mítà 400 ló máa yí i ká. Hẹ́kítà mẹ́wàá máa gba bíi mítà 1,265. Ọgọ́rùn-ún hẹ́kítà máa gba mítà 4,000. Ẹ rí i pé wáyà tó ń kan hẹ́kítà kọ̀ọ̀kan ń dín kù bí ilẹ̀ ṣe ń fẹ̀: 400, 126, 40. Ẹni tó ní ilẹ̀ kékeré ló ń náwó jù lórí hẹ́kítà kan, òun náà sì ni wáyà ò ṣe láǹfààní jù, torí ilẹ̀ rẹ̀ ò lè bọ́ agbo ìgalà kan. Ọ̀yà ń wá ihò gbà kọjá, awó ń fò. Ọgbà náà á wá di ohun tó ń dá ẹran láti òde dúró kó má wọlé. Olè á sì ká wáyà náà lóru bó bá ti rí i pé kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀. Àfi tí ẹ bá ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún hẹ́kítà, owó, àti ènìyàn tó ń gbé orí ilẹ̀ náà, ẹ gbàgbé wáyà.

Àgò ọ̀yà yàtọ̀. Ó ń ṣiṣẹ́. Láti àwọn ọdún 1980 ni àwọn ará Benin, aládùúgbò wa, ti ń sin ọ̀yà nílé pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Jámánì, iṣẹ́ náà sì ti dé ọ̀dọ̀ wa. Akọ kan fún abo mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń kó pọ̀. Akọ méjì nínú àgò kan á pa ara wọn. Koríko ni olórí oúnjẹ rẹ̀, ẹ sì ní láti máa gé e wá lójoojúmọ́, òjò ì báà máa rọ̀, ọyẹ́ ì báà máa fẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ owó tó ń wọlé létòlétò, tó ń gbé ilé, tí ilẹ̀ rẹ̀ kò ju plọ́ọ̀tì méjì lọ, kó lọ ṣe èyí. Ṣùgbọ́n ìsìn ẹran nìyẹn, bí ìsìn ewúrẹ́. Kò tọ́jú odò kankan, kò sì dá àparò kan padà sí Yàgbà. Ohun tó lè ṣe fún ilẹ̀ ni pé ilé á rí ẹran jẹ, tí ọwọ́ á fi kúrò lára ti ìgbẹ́ fún ọdún méjì àkọ́kọ́ tí ẹ ń jẹ́ kó sinmi. Mo mọrírì rẹ̀ fún ìyẹn.

Gbangba, ìyẹn ilẹ̀ tí kò lọ́gbà ṣùgbọ́n tí a ń darí iná rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ àti ọdẹ rẹ̀, ni mo yàn fún ọ̀pọ̀ ẹbí. Owó rẹ̀ kéré: ríro ààlà iná ní October, àti ọjọ́ iná kan. Ìdààmú rẹ̀ ni ti ènìyàn, èyí tí mo ti sọ. Bí ilẹ̀ yín bá kéré jù, ẹ wo bóyá ẹbí mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ilẹ̀ wọn fara kan ara wọn lórí odò kan náà lè pawọ́ pọ̀. Namibia ṣe òfin ní 1996 tó fi ẹ̀tọ́ ẹran ìgbẹ́ lé ará abúlé lọ́wọ́ tí wọ́n bá dára pọ̀, pẹ̀lú ààlà tí gbogbo wọn mọ̀ àti ìgbìmọ̀ tí wọ́n yàn. Àwa kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìlú tó ní kábíyèsí, baálẹ̀ àti ẹgbẹ́ ọdẹ ti ní ohun tí ìgbìmọ̀ wọn ń ṣe.

Báwo ni wọ́n ó ṣe pa á?

Okùn wáyà tí wọ́n fi ń dẹ ẹran ni mo kọ̀ jù. Kì í mọ akọ yàtọ̀ sí abo, kì í mọ aboyún, bí ẹni tó dẹ ẹ́ kò bá sì padà dé ní ọjọ́ kejì, ẹran á rà síbẹ̀. Ìbọn ń yàn. Ajá dára fún ọ̀yà lẹ́bàá oko, ó burú nínú igbó ẹtu. Kẹ́míkà nínú oúnjẹ tàbí nínú omi, ẹni tó bá ṣe é, kó má tún tẹ ilẹ̀ náà mọ́. Ènìyàn ló ń jẹ ẹran yẹn. Ẹ rántí pé òfin ìbọn ọdún 1959 béèrè ìwé àṣẹ fún gbogbo ìbọn, títí kan ṣakabùlà tí alágbẹ̀dẹ rọ. Pẹ̀lú bí àwọn ẹ̀ṣọ́ ṣe ń dá ènìyàn dúró lójú ọ̀nà báyìí, ọdẹ tí kò ní ìwé máa kó ìyọnu bá onílẹ̀ tó gbà á sílé.

Ẹ má ka ẹran, ẹ ka ipa rẹ̀. Ẹ gbá iyanrìn etí omi dán ní ìrọ̀lẹ́, ẹ lọ wò ó ní òwúrọ̀. Gígé koríko, imí, àti ojú ọ̀nà abẹ́ eèsún á sọ fún yín bóyá ọ̀yà ń pọ̀ sí i. Kí ọdẹ kan máa kọ ohun tó pa sínú ìwé: irú ẹran, akọ tàbí abo, oṣù. Bí abo aboyún bá ń pọ̀ nínú ìwé náà, ẹ dá ìbọn dúró.

Bí tiyín bá rí báyìí

Ẹ ní éékà márùn-ún lẹ́bàá ìlú, ẹ kì í gbé ilé: ẹ má dá a lé. Ẹ gbin igi eléso sí i, kí ẹ fi etí rẹ̀ sílẹ̀ fún àparò.

Ẹ ní bíi hẹ́kítà mẹ́wàá sí ogójì lẹ́bàá odò, ẹbí gbà, ọdẹ ilé wà: gbangba, iná kùtùkùtù, ọ̀yà àti àparò. Ẹ fún un ní ẹ̀ẹ̀rùn méjì kí ẹnikẹ́ni tó yìnbọn níbẹ̀.

Ẹ ní òkè olókùúta tó jìnnà, tí kò sẹ́ni tó ń ro ó: ẹ dènà iná rẹ̀ kí ó di igbó, ẹ jẹ́ kí ẹtu ní i. Ẹ má retí ẹran lórí tábìlì láti ibẹ̀, oyin ni kẹ́ ẹ wò.

Ẹ ní ilẹ̀ tó tóbi, ṣùgbọ́n ẹjọ́ wà lórí rẹ̀: ẹ lọ yanjú ẹjọ́.

Ẹ wà nítòsí ọ̀nà màlúù: ẹ bá olórí àwọn darandaran sọ̀rọ̀ ní September, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wá. Ẹ fi ibi tí màlúù lè gbà dé omi hàn wọ́n. Ibi tí màlúù bá ti jẹ koríko mọ́lẹ̀ máa dára fún ehoro àti àparò, ọ̀yà kò ní dúró níbẹ̀, nítorí náà kí ọ̀nà náà gba ẹ̀gbẹ́, kó má gba àárín.